Ta ló ń bá ọmọkùnrin yín sọ̀rọ̀ láago kan òru?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá wa fojú inú wo ọmọkùnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ó ti sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, kò sì padà sílé nítorí kò síṣẹ́ nílé. Ó gba yàrá kan ní Mararaba, lẹ́bàá Àbújá, ó ń bá ẹnìkan ta fóònù àti ṣájà ní Wuse. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde kó lè rí ọkọ̀ wọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé. Kó tó wọlé, ó ti bá bí ọgọ́ta èèyàn sọ̀rọ̀: "Èló ni?", "Ṣé ẹ ní ṣéńjì?", "Ẹ sún síwájú díẹ̀." Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó bi í pé ṣé o ti jẹun. Iná kò sí. Ó dùbúlẹ̀ sórí fóòmù, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló ń tàn sí i lójú. Láago kan òru, iṣẹ́ kan wọlé lórí Telegram: "Bro, o dákẹ́ lónìí o. Ṣé kò sí wàhálà?"

Ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ ìbá bi í nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló bi í, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé. Ẹni tí kò fojú rí rí ni, nínú ẹgbẹ́ kan tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn, èyí tí ọmọkùnrin yìí wọ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn nítorí wọ́n ní àwọn mọ bí ìdíje bọ́ọ̀lù ṣe máa parí fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ara wọn níbẹ̀ ni bí èèyàn ṣe ń fi fọ́tò ọmọbìnrin òyìnbó bá àwọn ọmọkùnrin Amẹ́ríkà ṣeré ìfẹ́.

Ọmọkùnrin yìí kò lórúkọ. Àwa la tò ó pọ̀ láti ara àwọn tí a ti rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ronú díẹ̀, ẹ óò rí i pé ẹ mọ ẹnìkan tó jọ ọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ yín ni.

Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ. Àdáwà là ń pè é, kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kéèyàn máa dá gbé. Bàbá àgbà kan lè máa dá gbé inú ilé rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹlòmíì lè há sáàárín èèyàn méjìdínlógún nínú bọ́ọ̀sì Nyanya kó sì dà bí ẹni tó wà nínú aginjù. Bí àwọn onímọ̀ ṣe là á yé wa, àdáwà ni ìrora tó máa ń wá nígbà tí àjọṣe tí èèyàn ní kò bá tó èyí tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. John Cacioppo, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Chicago, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí kó tó kú lọ́dún 2018, fi í wé ebi àti òùngbẹ. Ara ló ń ránṣẹ́ pé kí o lọ wá èèyàn, gẹ́gẹ́ bí ebi ṣe ń ní kí o lọ wá oúnjẹ. Ẹni tí ebi bá sì ń pa gidi kì í yẹ oúnjẹ wò kó tó fi sẹ́nu.

A ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó lèyí, pé ẹni tó ní ẹbí bíi tiwa kò lè mọ àdáwà. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, gbé kalẹ̀ lórí àjọṣe ẹ̀dá gbé àbájáde rẹ̀ síta. Wọ́n ní ẹnìkan nínú èèyàn mẹ́fà lágbàáyé ni àdáwà ń bá jà. Wọ́n so ikú tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 29, ó ń bá 17 sí 21 fínra nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọ̀dọ́langba ló sì pọ̀ jù. Èyí tó wá yẹ kó ta wá jí ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ó ń ṣe àwọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bí 11 ni. Àwọn tí a rò pé wọ́n ni àìsàn náà, tiwa ju tiwọn lọ ní ìlọ́po méjì.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé èèyàn laṣọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí iṣẹ́ wà ti jìnnà sí ìlú tí èèyàn wà. Ọmọ Ọ̀ṣun wà ní Port Harcourt, ọmọ Benue wà ní Èkó, ọmọ Èkìtì wà ní Kano, gbogbo wọn ń háyà yàrá kan láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wálé lọ́dún ti ju owó oṣù lọ. Ẹbí tó kù fún wọn wà lórí fóònù, ẹ jẹ́ ká sì sọ òótọ́ nípa ohun tí ẹbí ń fi fóònù náà ṣe. Àbúrò mi kan gbé Port Harcourt fún ọdún méjì. Láìpẹ́ yìí ni mo padà lọ ka àwọn iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí i nígbà náà. Ìnáwó Màmá, òrùlé tó ń jò, owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ nǹkan míì sí i, "Kú ọdún o" ni. Èmi tí mo ń kọ̀wé ìlera fún yín nìyẹn.

Kí ni àdáwà ń ṣe sí ara? Bó bá pẹ́, ara a máa wà lójúfò bí ẹni tó gbọ́ pé adigunjalè wọ àdúgbò. Cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, kì í rọlẹ̀ nígbà tó yẹ kó rọlẹ̀. Oorun kì í jinlẹ̀. Onítọ̀hún á sùn fún wákàtí méje, á sì jí bí ẹni tó ru ẹrù. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwádìí fi ń so àdáwà pọ̀ mọ́ àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ohun tó ń ṣe sí ìrònú ló wá kan ọ̀rọ̀ tòní gan-an. Ọpọlọ ẹni tó ti ń bá àdáwà jà tipẹ́ a máa ṣọ́ àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀rẹ́ bá ka iṣẹ́ WhatsApp tí kò sì fèsì, ìwọ àti èmi lè sọ pé bóyá ọwọ́ rẹ̀ dí. Òun á ní wọ́n ti pa òun tì. Bí ọmọbìnrin kan kò bá rẹ́rìn-ín, á ní ó ń fojú di òun. Nítorí pé gbogbo ojú ti di ojú ọ̀tá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Kò ní lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kò ní lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò ní gbé ìpè. Ẹni tó nílò èèyàn jù lọ á wá di ẹni tó ń sá fún èèyàn jù lọ. Kì í ṣe ìgbéraga. Kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ, bí àwọn ìyá kan ṣe máa ń tètè rò.

Ibí yìí ni àwọn ẹgbẹ́ orí ayélujára ti ń bá a pàdé. A ti ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn, ohun tó sì kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ara wọn yọ̀ mọ́ọ̀yàn. Wọ́n á pe ẹni tuntun lórúkọ. Wọ́n á bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ. Bó bá ní ọ̀gá òun bú òun, ogún èèyàn á bá a bú ọ̀gá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní àwàdà tiwọn, ẹni tó bá ti gbọ́ èdè náà ti di ara ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń sọ fún un tẹ́lẹ̀: òótọ́ lo rò, wọn kò fẹ́ràn rẹ. Àwọn obìnrin kò fẹ́ràn rẹ. Ẹbí rẹ, owó rẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé wẹ́rẹ́. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lè tó oṣù kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá wá bèèrè, nǹkan kékeré ni: kó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dáwó, kó bá wọn ṣí àkáǹtì kan, kó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, kó bú obìnrin kan tí gbogbo wọn jọ ń bú. Ó ti wá ní ohun tó lè pàdánù báyìí. Bó bá kọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, yàrá Mararaba á sì tún dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ máa rántí ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ bèèrè pé kí ló dé tí ọmọ tó kàwé kò lo làákàyè.

Fóònù fúnra rẹ̀ náà kò jókòó lásán. Ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí TikTok tàbí Facebook máa fi hàn wá, ohun tí ojú wa bá dúró lé lórí ló ń ṣọ́. Bí ọmọ kan bá fi òru mẹ́ta wo ọkùnrin tó ń bínú sí obìnrin, lóru kẹrin ẹ̀rọ náà á gbé ọkùnrin tó ń bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Báyìí ni ohùn Andrew Tate, ẹni tí ìjọba Romania fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti kíkó èèyàn ṣòwò kàn lọ́dún 2023, tó sì ní òun kò jẹ̀bi, ṣe dé etí àwọn ọmọ Kaduna àti Benin tí kò tíì ní ọ̀rẹ́bìnrin rí. Wọ́n ti kórìíra ohun tí wọn kò tíì mọ̀.

Lóṣù keje ọdún 2024, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé àwọn ti pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti halẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn pẹ̀lú fọ́tò ìhòòhò kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé iye yẹn. Ohun tó jẹ wá lógún wà nísàlẹ̀ ìkéde náà: wọ́n tún pa nǹkan bí 5,700 ẹgbẹ́ orí Facebook rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún ara wọn ní ìmọ̀ràn lórí jìbìtì, tí wọ́n sì ti ń ta ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lù. Ẹgbẹ́ là ń wí o. Inú ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin yàrá ni àwọn ọmọkùnrin jókòó sí, tí wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀.

Ibi tó ń já sí kò ṣòro láti rí. Lọ́dún 2022, ọmọ ọdún 17 kan ní ìlú Marquette, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí àwọn kan láti Èkó, tí wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ rán ọmọ ìyá méjì lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tíì pé ọdún 25 nínú wọn. A kò sọ èyí láti bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ìwà tí wọ́n hù pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀wọ̀n sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà ní ìhà méjèèjì: ọmọkùnrin kan wà nínú yàrá ní Michigan láàárín òru, kò rí ẹni finú hàn, àwọn ọmọkùnrin wà nínú yàrá ní Èkó. Àdáwà ni ọjà tí wọ́n ń tà láàárín ara wọn.

Lóṣù kejìlá ọdún 2024 náà ni EFCC ya wọ ilé kan ní Victoria Island, tí wọ́n kó èèyàn 792. Àjọ náà ní àwọn àjèjì, tí àwọn ará Ṣáínà pọ̀ jù nínú wọn, ló gba àwọn ọmọ Nàìjíríà síṣẹ́, wọ́n fún wọn ní kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n máa fi ìfẹ́ ẹ̀tàn bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi kó owó wọn lé ètò ìdókòwò tí kò sí. Àwọn tó wéwèé ètò náà mọ̀ pé ẹni tó dá wà ló máa fetí sílẹ̀.

Ìhà kejì tún wà, a ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń rán ọmọ lọ lu jìbìtì. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ ikú nìkan ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń fún ara wọn níṣìírí láti kú. WHO ní pípa ara ẹni ló wà nípò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 lágbàáyé, àwọn ọkùnrin tó ń kú báyìí sì ju ìlọ́po méjì àwọn obìnrin lọ. Àdáwà kò yan ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a ti kọ́ ọkùnrin láti kékeré pé kó gbé omi ojú mì. Obìnrin á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sunkún, á tún fi ẹ̀rín kún un. Ọkùnrin á ní, "Mo wà o, a dúpẹ́."

Báwo wá ni ká ṣe é? Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń rò ni kí wọ́n gba fóònù náà. A kò bá wọn fara mọ́ ọn. Fóònù kan náà ni ọmọ fi ń wáṣẹ́, òun náà ló fi ń gbọ́ ohùn yín. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀, ẹ ti ṣe ohun tí ẹgbẹ́ náà sọ pé ẹ máa ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń dá gbé kò tiẹ̀ ní gbé e fún yín. Ohun tó ń lé ẹgbẹ́ burúkú jáde ni ẹgbẹ́ mìíràn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ yìí. Lọ́dún 1954, Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta tó padà wá di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO, dá ètò kan sílẹ̀ ní Aro. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi wọ́n sí, mọ̀lẹ́bí kan á bá kálukú wá, wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ wa. Lambo mọ̀ pé èèyàn wà lára oògùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, ẹ pe ọmọ náà lọ́jọ́ tí ẹ kò fẹ́ gba nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí a kò lè fi "a dúpẹ́" dáhùn: kí lo jẹ lálẹ́ àná, ta lẹ jọ jẹ ẹ́? Bó bá sọ nǹkan tó dùn yín, ẹ má fi ìwàásù fèsì. Àwọn ọkùnrin kì í sábàá sọ̀rọ̀ ní ìfojúkojú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ wọn bá ń ṣe nǹkan mìíràn, nídìí ayò, nílé onígbàjámọ̀, nílé ìwo bọ́ọ̀lù, lábẹ́ mọ́tò tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ jọ lè ṣe.

Ìwọ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ka èyí lórí fóòmù, a kò ní sọ fún ọ pé kí o paná fóònù kí o lọ wá ọ̀rẹ́, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ń bẹ lọ́jà. Wá ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe níbì kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ìdárayá ìdájí Sátidé, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí o tó pinnu pé wọn kò fẹ́ràn rẹ. Ọpọlọ rẹ á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò yẹ kí o gbà á gbọ́. Bó o bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, bi ara rẹ bóyá o lè sọ fún wọn pé o ò gbà pẹ̀lú wọn lórí nǹkan kan, kí wọ́n sì tún kí ọ lọ́jọ́ kejì.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ, tí oorun kò wá, tàbí tó jẹ́ pé oorun nìkan ló kù, ilé ìwòsàn ló kàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yaba, Aro, Benin, Enugu, Calabar, Kaduna, Maiduguri àti Sókótó, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Wọn kò pọ̀ tó fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, a kò ní pa irọ́ fún yín. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ṣùgbọ́n abala 327 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tó sọ ìgbìyànjú láti pa ara ẹni di ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn débi tí wọn kò fi lè lanu. Ilé aṣòfin Ghana dìbò lọ́dún 2023 pé kí irú rẹ̀ kúrò nínú òfin tiwọn. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi falẹ̀.

Bí ara bá ń fu yín pé ọmọ kan ń ro ikú, ẹ bi í ní gbangba: "Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?" Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ nítorí ẹnìkan bèèrè. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù. Bó bá jìnnà síi yín, ẹ pe ẹnìkan tó wà nítòsí rẹ̀, kódà kó jẹ́ onílé tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ta ọjà ní Wuse, kí onítọ̀hún lọ kan ilẹ̀kùn, kó jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.